BÍ A BÁ TA ARÁ ILÉ ẸNI LỌ́PỌ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ òkú ni, ṣùgbọ́n àwa alààyè ni ó ń bá wí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan sọ ìjánu nù ní Felele níbí, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ó rọ́ lu àwọn ọkọ̀ mìíràn, epo dà sílẹ̀, iná sì sọ. Ènìyàn 23 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kà pé ó bá iná náà lọ. Àwọn ọmọ iléèwé kéékèèké wà nínú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Póli Ìpínlẹ̀ Kogí náà wà nínú wọn, àwọn tí wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n gbé ìwé wọn, tí wọ́n sì jáde nílé gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń jáde lójoojúmọ́. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bọ́ sójú títì. Ààrẹ Muhammadu Buhari bá wọn kẹ́dùn. Ìwé ìròyìn gbé e, rédíò sọ ọ́, tẹlifíṣọ̀n fi èéfín dúdú náà hàn.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwọ́de EndSARS fi gba ìgboro káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 Oṣù Kẹwàá, ìbọn dún ní Lekki l'Ékòó, gbogbo ayé sì kọ ojú sí ibẹ̀. Ní ti Felele, omi ti tán lẹ́yìn ẹja rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́ o! A kò sọ pé kí wọ́n má wo Lekki. Àwọn ọ̀dọ́ bí tiwa ni wọ́n yìnbọn sí níbẹ̀, ó sì tọ́ kí ayé bèèrè ẹni tí ó pàṣẹ. Lekki rí ẹni tí ó ń fi fóònù ya àwòrán bí ìbọn ti ń dún, tí àwọn ènìyàn sì ń wò ó lójú ẹsẹ̀. Ó rí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀. Ó rí CNN tí ó ṣe ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé Felele kò rí ẹni tí yóò jókòó tì í bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ 10 tí ó bá ń kọjá pé kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 23 náà. Bí ẹ bá rí ẹni méjì tí ó lè ṣe é, ẹ wá pè wá ní òpùrọ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni ó ta àwọn ará Felele lọ́pọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò yára dáhùn pé àwọn òyìnbó ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, àwọn agbébọn wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, wọ́n pa ènìyàn 12. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Boko Haram ń jó ìlú Baga ní Ìpínlẹ̀ Borno. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n lé ní 40 kọ́wọ̀ọ́ rìn ní ìgboro Paris. Ta ni ó kọ́wọ̀ọ́ rìn fún Baga? Ṣùgbọ́n kí a tó na ìka sí òyìnbó tán, ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ààrẹ tiwa nígbà náà, Goodluck Jonathan, ti bá àwọn Faransé kẹ́dùn kí ó tó la ẹnu lórí Baga rárá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí onílé kò bá sunkún òkú rẹ̀, kí ni àlejò yóò máa wá ẹkún ṣe?

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Baga tí ó tún burú ju ìwọ́de Paris lọ. Ènìyàn mélòó ni ó kú níbẹ̀? Àwọn ológun ní 150. Àjọ Amnesty ní ó lè tó 2,000. Ẹ wo ohun tí ó wà láàárín iye méjèèjì: ènìyàn 1,850! Ìyẹn pọ̀ ju àwọn tí ó ń kàwé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mélòó kan níhìn-ín lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ bóyá wọ́n kú tàbí wọn kò kú. Ní Paris, kò sí ẹni tí ó jiyàn lórí 12. Wọ́n kà wọ́n pé, wọ́n sì pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n. Òkú tí a kò kà ni ó ń pọ̀.

Láàárín àwa fúnra wa ńkọ́? Ní òru ọjọ́ 25 Oṣù Kejì ọdún 2014, Boko Haram wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi, Ìpínlẹ̀ Yobe. Wọ́n ní kí àwọn ọmọbìnrin máa lọ sílé lọ fẹ́ ọkọ. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n pa, wọ́n sì dáná sun ilé. Ọmọ 59 ni a gbọ́ pé ó kú. Ọ̀sẹ̀ méje péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹrin, wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, bọ́ǹbù ti pa ènìyàn tí ó lé ní 70 ní ibùdókọ̀ Nyanya lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Chibok nìkan ni ó di ariwo ayé. Michelle Obama, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé páálí dání nítorí wọn. Bí ẹ bá sọ Buni Yadi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, wọn yóò bi yín pé níbo nìyẹn.

Kí ló fà á? A ti rò ó títí, ohun tí a rí nìyí. Àwọn ọmọ Chibok wà láàyè. Ẹni tí ó ń pariwo nítorí wọn ní iṣẹ́ tí ó ń rán ìjọba: ẹ dá wọn padà fún wa! Àwọn ọmọ Buni Yadi ti kú, ariwo wọn kò sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, àfi ‘ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò tù yín nínú’. Ẹ pẹ̀lẹ́ kì í sì í gbé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wà nínú ikú wọn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rán an: ta ni ó yẹ kí ó ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní òru yẹn? Ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni ó tún wà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́? Bí gbogbo wa bá ti béèrè èyí kíkankíkan ní Oṣù Kejì, bóyá ẹnì kan ì bá ti ronú kan Chibok kí Oṣù Kẹrin tó dé. Òkú tí a kò sunkún rẹ̀ dáadáa a máa pe òkú mìíràn.

Orúkọ náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n jí ọmọbìnrin 110 gbé ní Dapchi ní ọjọ́ 19 Oṣù Kejì ọdún 2018, marùn-ún nínú wọn ni a gbọ́ pé ó kú. Wọ́n dá àwọn yòókù padà, ó ku Leah Sharibu. Gbogbo ayé mọ Leah, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ta ni ó mọ àwọn marùn-ún? Leah ní orúkọ, ó ní àwòrán, ó ní àwọn òbí tí ń sọ̀rọ̀, ó sì ní iṣẹ́ tí a lè rán: ẹ tú u sílẹ̀. Àwọn marùn-ún ní iye nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́lé. Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ ọdún 2012, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Deeper Life ní Otite lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkènè, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, wọ́n sì pa ènìyàn 19. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n wọ Agbadu-Daruwana ní ìjọba ìbílẹ̀ Kogí, wọ́n pa ènìyàn 14, tí 13 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Ilé odidi kan! Ní alẹ́ ọjọ́ 9 Oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n wọ yunifásítì tí ó wà ní Osara, lójú ọ̀nà Òkènè, wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé níbi tí wọ́n ti ń kàwé fún ìdánwò. Ọdún mẹ́wàá àti oṣù kan tí kò pé lẹ́yìn Chibok ni. A kò rí páálí kankan.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Lọ́kọ́ja mọ ìdí mìíràn. Ìlú tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá ni ìlú wa. Èkó àti Àbújá ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn fìdí kalẹ̀ sí, àwa sì wà láàárín ọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀ nípa Felele kò ju pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níbẹ̀ lọ. Bí akọ̀ròyìn kò bá sùn sí ìlú kan, ọ̀fọ̀ ìlú náà kì í pẹ́ lórí àkéte rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń sùn níbí ńkọ́? Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a na ìka sí ara wa. Nígbà tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn tí kò dín ní 40 ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹgbẹ́ wa tan àbẹ́là, a wọ aṣọ dúdú, a gbàdúrà, a sì sunkún. A ṣe dáadáa. Nígbà tí a tú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wò láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, a rí ojú ewé mẹ́ta lórí Ọ̀wọ̀. A wá Agbadu-Daruwana títí, a kò rí ìlà kan. Ẹlòmíràn yóò ní àrùn kòrónà ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nígbà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọlé padà ńkọ́? Osara ńkọ́, tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ yẹn a ṣèpàdé o. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́jọdá ni a fi ọjọ́ náà sọ.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ sínú: Yorùbá ni wá, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni kí a mójú tó, torí ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. A gbà. Òwe àwọn baba wa ni. Ṣùgbọ́n òwe mìíràn tún wà: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ta ni ará ilé wa ní Felele? Ígbìrà wà níbí, Ígálà wà, Núpé wà, Bassa wà, Hausa wà. Yorùbá náà wà, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn Òwórò tí wọ́n jẹ́ ará Lọ́kọ́ja dé orí Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Bùnú. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà lọ sí kíláàsì. Iná ọkọ̀ agbépo kò bi ẹnikẹ́ni ní ilà ojú ní ọjọ́ 23 yẹn.

Àwọn mìíràn yóò ní ọkàn ènìyàn kò lè gba ẹkún gbogbo ayé, pé bí a bá ní kí a máa sunkún gbogbo òkú, a kò ní í rí ìwé kà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a kò sì ní í fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó lè sunkún gbogbo òkú. Ṣùgbọ́n ẹkún kọ́ ni a ń bẹ̀ yín fún. Àkíyèsí ni, torí àkíyèsí ni ó ń mú àtúnṣe wá.

Àwọn mìíràn tún lè ní ìjàǹbá ọkọ̀ kì í ṣe ìpànìyàn, kí a má da méjèèjì pọ̀. Lóòótọ́, ẹni tí ó fa ìbọn yọ yàtọ̀ sí ẹni tí kò yẹ bíréèkì wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà epo wọ àárín ìlú, tí ó sì mọ̀, irú ènìyàn wo ni kí a pè é? Bí a bá ń pe gbogbo rẹ̀ ní àmúwá Ọlọ́run, a ti fi Ọlọ́run ṣe awakọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí àkíyèsí lè ṣe. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, iná ọkọ̀ agbépo pa ènìyàn tí ó lé ní 150 ní Majia, Ìpínlẹ̀ Jigawa. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ó tún pa èyí tí ó lé ní 80 ní Dikko, Ìpínlẹ̀ Niger. Ariwo ta. Àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta ọdún 2025, ọkọ̀ tí ó gba ju lítà 60,000 lọ kò gbọ́dọ̀ gbé epo mọ́. Ẹ rí i pé ariwo ní èrè bí ó bá rán ènìyàn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tí ó wà láàárín Felele àti àṣẹ yìí. Ọdún mẹ́rin ó lé! Ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ sísọ ọ́ di ọlọ́nà méjì fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ọmọ tí a bí ní ọdún náà ti tó ẹni tí ń bá wa jókòó ní kíláàsì.

Ìdí kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń tètè gbàgbé ju ìlú lọ, a kì í sì í ronú kàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́. Ẹni tí ó wà ní ọdún kìn-ín-ní nígbà tí Felele jóná ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ó gbé ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ sí Ìbàdàn, sí Ìlọrin, sí Kàbà. Ẹni tí ó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀ pé ojú ọ̀nà tí òun ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ènìyàn 23 ti jóná. Àwa ń lọ, ẹgbẹ́ ni ó ń dúró. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kò bá rántí, kò sí ẹni tí yóò rántí.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ṣí ìwé kan tí yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé, tí a óò máa fi lé ẹni tí ó bá gba ipò lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Kí a lọ bá àwọn òbí àti ará àwọn tí ó kú ní Felele pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a bèèrè bí wọ́n bá fẹ́ kí a kọ orúkọ ọmọ wọn, ohun tí ó ń kọ́ àti ohun tí ó fẹ́ràn. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí a bá a kẹ́dùn, kí a sì máa bọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a kọ Agbadu-Daruwana, kí a kọ Osara, kí a kọ Otite. Àwọn tí ó wà nítòsí ni kí a fi ṣáájú, torí àwa ni akọ̀ròyìn tí ń sùn síbí.

Èkejì, kí ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án di ọjọ́ ẹgbẹ́. Kí a pe àwọn ẹgbẹ́ Ígbìrà, Ígálà, Núpé àti gbogbo ẹ̀yà yòókù, kí a ka orúkọ lẹ́nu ọ̀nà. Kí a pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ẹgbẹ́ awakọ̀ wá síbẹ̀, kì í ṣe láti bú wọn, bí kò ṣe láti béèrè ìbéèrè kan náà lọ́dọọdún: ọkọ̀ agbépo mélòó ni ẹ yẹ̀ wò lójú ọ̀nà yìí lọ́dún yìí, mélòó ni ẹ sì dá padà? Kí a kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé náà. Bí wọn kò bá wá, kí a kọ ìyẹn náà.

Ẹ̀kẹta, kí a máa kọ ọ́ ní Yorùbá ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn àti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń sọ èdè wa. Bí a bá dúró de akọ̀ròyìn Èkó títí, a óò pẹ́ níbi ìdúró.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ óò ka ìwé yìí tán tí ẹ óò sì gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sí kíláàsì lọ́la, a kò ní kí ẹ máa bẹ̀rù. Ẹ kàn wo ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹ bá ń kọjá. Àwọn 23 ni iye wọn, ṣùgbọ́n iye kọ́ ni ìyá wọn bí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ra ìwé náà. Ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì ṣófo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ orúkọ kan, kí ó wá.